Ọmọ tí ebi kì í fi sílẹ̀: àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ méjì tí kò ní leptin ní Cambridge

Ọmọ ọdún 8 ni ọmọbìnrin náà, kílò 86 sì ni òṣùwọ̀n gbé e. Ọmọkùnrin tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ kò tíì ju ọmọ ọdún 2 lọ, síbẹ̀ ó ti tó kílò 29. Ọmọ ọdún 2 tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá sábà máa ń wà ní nǹkan bíi kílò 12, ọmọ ọdún 8 ní nǹkan bíi kílò 25. Ìdílé kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá, ìdílé tí orírun wọn jẹ́ Pakistan, níbi tí ìbátan ti ń fẹ́ ìbátan. Ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àwọn dókítà Stephen O'Rahilly àti Sadaf Farooqi pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti yẹ̀ wọ́n wò. Nígbà tí wọ́n bí àwọn ọmọ yìí, wọn kò tóbi ju ọmọ yòókù lọ. Láàárín oṣù díẹ̀ ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbà, kò sì dáwọ́ dúró mọ́.

Ebi ni àmì tó ṣe pàtàkì jù lára wọn. Wọ́n á jẹun tán, ebi á ṣì máa pa wọ́n. Bí wọ́n bá fi oúnjẹ dù wọ́n, ariwo á sọ, ìjà á bẹ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà ti wọ́ nítorí ẹrù tó ń gbé. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè tọ́, wọ́n sì ti fa ọ̀rá kúrò níbẹ̀, síbẹ̀ ìrìn ṣòro fún un gan-an. Nígbà tí wọ́n wọn ọ̀rá ara wọn, ọ̀rá nìkan kó 57 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ọmọbìnrin náà, ó sì kó 54 nínú ọgọ́rùn-ún ti ọmọkùnrin.

Bí irú ọmọ báyìí bá wà láàárín wa, orúkọ rẹ̀ kì í jìnnà sí ẹnu aráyé: wọ̀bìà. Ìyá rẹ̀ á gba tirẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n á ní òun ló kẹ́ ẹ bà jẹ́, pé kò lè sọ fún ọmọ pé ó tó. Ìdí tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Orúkọ yẹn kò tọ́ sí àwọn ọmọ yìí rárá, ìyá wọn kò sì jẹ̀bi. Ohun tó ń sọ fún ọpọlọ pé ọ̀rá ti tó nínú ara ni kò sí lára wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn.

Leptin ni orúkọ ohun náà. Hòmóònù ni. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ló ń ṣe é, ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé e lọ sí apá kan ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ tí a ń pè ní hypothalamus. Ìránṣẹ́ ni: bí ọ̀rá bá pọ̀, leptin á pọ̀, bí ọ̀rá bá ń tán, leptin á dín kù, ọpọlọ á sì gbọ́ pé ìyàn ti dé, á dá ebi sílẹ̀, á sì fún agbára tí ara ń ná mọ́wọ́. Eku ló kọ́kọ́ fi í hàn wá. Ní Jackson Laboratory ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, àwọn eku kan wà tí wọ́n sanra rọ̀pọ̀tọ̀ láti kékeré. Douglas Coleman so ẹ̀jẹ̀ irú eku bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ti eku tí ara rẹ̀ pé, eku tó sanra náà sì dín oúnjẹ rẹ̀ kù, ara rẹ̀ kò sì gbà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Coleman mọ̀ pé nǹkan kan ń gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá, àmọ́ kò mọ ohun tó jẹ́. Lọ́dún 1994 ni Jeffrey Friedman àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Rockefeller University ní New York rí jíìnì rẹ̀. Inú èdè Gíríìkì ni orúkọ leptin ti wá, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí «tínrín».

Bí ọ̀rá bá ṣe pọ̀ tó ni leptin ṣe ń pọ̀ tó, nítorí náà ó yẹ kí leptin àwọn ọmọ Cambridge yìí ga kọjá àlà. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, díẹ̀ kíún ni wọ́n bá. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Wọ́n ka jíìnì leptin wọn, tó wà lórí kurómósóómù keje, lẹ́tà kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀: G kan nínú ọ̀wọ́ lẹ́tà mẹ́ta tó wà ní ipò 133. Wọ́n gbé àbájáde náà jáde lọ́dún 1997. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni máa fi hàn pé jíìnì kan ṣoṣo tó bàjẹ́ lè mú ènìyàn sanra tó báyìí nípa leptin.

Báwo ni lẹ́tà kan ṣe lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́? Mẹ́ta-mẹ́ta ni ara ń ka lẹ́tà jíìnì. Ẹ wo gbólóhùn yìí tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta:

ÌYÁ FÚN ADÉ ẸJA

Ẹ yọ Ú kan ṣoṣo kúrò, kí ẹ sì máa kà á ní mẹ́ta-mẹ́ta bíi ti tẹ́lẹ̀:

ÌYÁ FNA DÉẸ JA

Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ibi tí lẹ́tà ti jábọ́ ṣì dára. Gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e ti di wótòwótò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí leptin wọn gan-an nìyẹn. Ó yẹ kí ó gùn tó ásíìdì amino 167, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí ara fi ń to purotéènì pọ̀, lẹ́tà mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tiwọn dára títí dé 132, lẹ́yìn náà ásíìdì 14 tí kò bá iṣẹ́ mu tẹ̀ lé e, àmì ìdúró sì yọ ní ibi tí kò yẹ. Purotéènì tó jáde kò lè ká ara rẹ̀ bó ṣe yẹ. Sẹ́ẹ̀lì kò jẹ́ kó jáde sínú ẹ̀jẹ̀, ṣe ló fọ́ ọ túútúú sínú ara rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé jíìnì ni ìwé àṣẹ, mRNA ni ẹ̀dà rẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ń kà, purotéènì sì ni iṣẹ́ tó jáde. Ẹni tó bá ka ẹ̀dà nìkan lè rí i pé ẹ̀dà wà, kó sì ṣìnà, nígbà tí kò sí iṣẹ́ kankan tó jáde.

Ní ti bí ó ṣe dé inú ìdílé náà, ẹni tó bá ti gbọ́ nípa jínótáìpù ti mọ̀ ọ́n tán. Bí AS bá fẹ́ AS, ọmọ kan nínú mẹ́rin lè jẹ́ SS. Bákan náà ni àwọn òbí wọ̀nyí: olúkúlùkù ní ẹ̀yà jíìnì leptin kan tó dára àti ọ̀kan tó bàjẹ́, àwọn ọmọ sì gba èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá. Ìbátan tó ń fẹ́ ìbátan ló mú kí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rọrùn. Ohun kan wà tó yẹ kí a fi kún un: lọ́dún 2001 ni ẹgbẹ́ Cambridge fi hàn pé àwọn tó gbé ẹ̀yà kan ṣoṣo pàápàá ní leptin tó kéré, ọ̀rá ara wọn sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní báyìí, ìdí tí dídín oúnjẹ kù kò fi lè gba irú ọmọ yìí. Bí a bá dín oúnjẹ kù fún ẹnikẹ́ni, leptin rẹ̀ á wálẹ̀ kíákíá, á sì wálẹ̀ ju bí ọ̀rá ṣe wálẹ̀ lọ. Nínú àwọn àgbàlagbà tó sanra tí wọ́n wọ̀n lọ́dún 1996, nígbà tí ìwọ̀n ara wọn fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, leptin wọn fi 53 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀. Ebi tó ń pa ẹni tó ń fọn nìyẹn, òun ló sì ń dá ọ̀pọ̀ padà sídìí abọ́. Ọmọ tí kò ní leptin rárá ti wà ní òdo kí oúnjẹ tó dín kù. Lójú ọpọlọ rẹ̀, ìyàn ni gbogbo ọjọ́, ọ̀rá kílò 50 tó rù sára kò sì já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá ti àpótí oúnjẹ pa mọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ lójú ń fi agídí bá ìyàn jà.

Ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin náà pé ọmọ ọdún 9. Ó ti tó kílò 94.4 nígbà náà, kílò 55.9 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rá. Leptin ti ènìyàn tí wọ́n ṣe nínú láàbù ni wọ́n ń gún sí abẹ́ awọ ara rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Mílígíráàmù 0.028 fún kílò kan ara tí kì í ṣe ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe ìṣírò. Èyí ṣe kókó: bí wọ́n bá fi gbogbo ìwọ̀n ara ṣe ìṣírò, wọn ì bá fún un ní ohun tó ju ìlọ́po méjì lọ. Ní tirẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù kan lójúmọ́, kí leptin ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí ẹni tí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ tó tirẹ̀ ì bá ní. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Nígbà tí oṣù 12 pé, kílò 16.4 ti kúrò lára rẹ̀, kílò 15.6 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rá pọ́nbélé. Ẹni tó ń fi ebi fọn kì í rí irú èyí. Ẹran ara àti iṣan rẹ̀ sábà máa ń bá ọ̀rá lọ. Oúnjẹ tó ń jẹ nígbà tí wọ́n gbé e síwájú rẹ̀ pé kó jẹ tẹ́rùn fi 42 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Kò sí ẹni tó ń gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń jẹun bíi ti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, ó sì ń dìde nídìí oúnjẹ. Ìyàtọ̀ náà tún hàn sí i lára ọmọ mìíràn tí wọ́n tọ́jú lẹ́yìn rẹ̀: kí ó tó gba abẹ́rẹ́, ó jẹ oúnjẹ tó ju kálórì 1,100 lọ ní ìjókòó kan, nǹkan bí ìdajì ohun tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, 180 ni ó jẹ, tó sì fi ṣíbí sílẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ tó wà ní kílò 42 nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 3 ti di 32 nígbà tó tó ọdún 7, bẹ́ẹ̀ ó ń ga sí i.

Gbogbo rẹ̀ kò lọ geere. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ara àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àńtíbọ́dì, ohun ìjà tí ara fi ń kojú àlejò, sí leptin abẹ́rẹ́ náà. Kò sì yani lẹ́nu. Sójà ara kì í bá ohun tó ti bá a dàgbà jà, àmọ́ ara àwọn wọ̀nyí kò tíì rí leptin tó pé rí, àlejò pátápátá ni lójú rẹ̀. Àwọn àńtíbọ́dì náà di leptin mú, ìwọ̀n ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó kù ni kí wọ́n fi kún òògùn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń tọ́jú irú ọmọ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí ebi bá padà dé lójijì, kì í ṣe agídí ọmọ, kó sì má ṣe yára sọ pé ìyá gbàgbé abẹ́rẹ́. Kó yẹ àńtíbọ́dì wò, kó tún ìṣírò òògùn ṣe bí ara ọmọ ṣe ń dàgbà.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí àwọn ènìyàn kì í sábà gbọ́, òun la sì rò pé ó jinlẹ̀ jù. Àwọn ọmọ tí kò ní leptin máa ń ní àkóràn lemọ́lemọ́. Ní ìdílé kan ní Turkey tí àwọn náà ní jíìnì leptin tó bàjẹ́, àkóràn pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó sanra ní kékeré. Báwo ni hòmóònù oúnjẹ ṣe kan àkóràn?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìbátan ni ilẹ̀kùn tí leptin ń kàn lára sẹ́ẹ̀lì kí iṣẹ́ tó rán lè wọlé (receptor ni wọ́n ń pè é) àti ti àwọn ohun tó ń tan iná ìnfúlàméṣọ̀n, bíi IL-6. Ìnfúlàméṣọ̀n ni ìgbà tí àwọn sójà ara bá dìde, tí ibì kan bá gbóná, tó wú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ bá kún fún àmì ogun. Leptin wà lára ohun tó ń pàṣẹ kí wọ́n dìde. Lọ́dún 1998 ni àwọn onímọ̀ fi eku hàn án: bí wọ́n bá fi ebi pa eku, sójà rẹ̀ á rẹ̀, bí wọ́n bá gún un ní leptin, sójà á jí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà ìyàn, ara ń fi agbára pamọ́, ó sì ń dá àwọn sójà dúró. Lára àwọn ọmọ Cambridge, sẹ́ẹ̀lì T oríṣi CD4, tó wà lára àwọn sójà ara, kéré, wọn kò pọ̀ sí i bó ṣe yẹ nígbà tí wọ́n tọ́ wọn nínú láàbù, interferon-gamma tí wọ́n ń tú jáde láti fi pe sójà yòókù sì lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìtọ́jú, gbogbo rẹ̀ gòkè. Ọdún 2002 ni wọ́n gbé èyí jáde.

Ẹ wá fi èyí wé ọmọ tó sanra nítorí oúnjẹ àti àìrìn, ìyẹn ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ilé ìwòsàn ń rí. Leptin pọ̀ lára rẹ̀ rẹpẹtẹ, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ kò fetí sí i dáadáa mọ́. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá rẹ̀ wú, àwọn kan ń kú, àwọn sójà ńlá tí a ń pè ní macrophage sì rọ̀gbà yí wọn ká. IL-6 àti TNF-alpha, tí òun náà ń tan iná ìnfúlàméṣọ̀n, ń jáde. Ẹ̀dọ̀ ń gbọ́ IL-6, ó sì ń ṣe CRP, purotéènì tí a fi ń mọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ pé ìnfúlàméṣọ̀n wà. Leptin ń dá epo sí iná náà. Bí irú ọmọ yìí bá fọn nípasẹ̀ oúnjẹ àti eré, CRP rẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ìkòtò kan wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ Cambridge kọ́ wa láti rí. Bí wọ́n bá dín oúnjẹ kù jù, leptin á já bọ́, sójà á rẹ̀, jíìnì ìnfúlàméṣọ̀n á dákẹ́, àwa á sì máa yọ̀ pé ara ti wò, nígbà tó jẹ́ pé ebi ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Nítorí èyí, bí a bá fẹ́ fi ìnfúlàméṣọ̀n ọmọ kí ó tó fọn wé ti ẹ̀yìn ìgbà tó fọn, a kì í gba ẹ̀jẹ̀ ìfiwéra láàárín ọ̀sẹ̀ tí ó ń fọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ dúró lójú kan fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ẹ gbà á láàárọ̀ kí ó tó jẹun, ní wákàtí kan náà bíi ti àkọ́kọ́, nítorí pé leptin máa ń ga lálẹ́. Ẹ béèrè nípa ibà, ikọ́, eyín tó ń dun ọmọ, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí CRP bá ti ju mílígíráàmù 10 lọ ní lítà kan, àkóràn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kí ẹ sì sún ọjọ́ síwájú. Bí ẹ bá fẹ́ ka mRNA, inú túùbù tó ní oògùn ìpamọ́ RNA ni kí ẹ̀jẹ̀ lọ tààrà. Mílílítà 2.5 ni túùbù PAXgene, tó jẹ́ ọ̀kan lára irú túùbù bẹ́ẹ̀, ń gbà. Ẹ dà á sókè-sódò nígbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí méjì ó kéré tán kí ó tó wọ fìríjì. Ẹ̀jẹ̀ tó bá jókòó sínú túùbù lásán á máa yí ọ̀rọ̀ padà fúnra rẹ̀: sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì wà láàyè, wọ́n á gbọ́ pé a ti kó wọn kúrò nílé, jíìnì wàhálà á sì dìde. Ẹ má gbàgbé láti ka iye oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun ní ọjọ́ kan náà. Bí oríṣi kan tí a ń pè ní neutrophil bá dín kù, tí òmíràn tí a ń pè ní lymphocyte sì pọ̀ sí i, gbogbo iye jíìnì á yí padà lórí ìwé láìjẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kankan yí ìwà padà. Àṣìṣe yìí ló ń ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ jẹ́.

Ta ni ká yẹ leptin rẹ̀ wò, níwọ̀n ìgbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n? Ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ dára nígbà tí wọ́n bí i, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú kí ó tó pé ọdún kan. Tó ń jí lóru nítorí oúnjẹ. Tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ìbátan. Tí àkóràn kì í fi sílẹ̀. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi iye leptin wé iye ọ̀rá ara rẹ̀, kì í ṣe iye ti ọmọ tó tínrín. Àmọ́ iye tó ga kò túmọ̀ sí pé ó ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2015 ni wọ́n kọ nípa ọmọkùnrin kan ní Jámánì tí leptin rẹ̀ ga gẹ́gẹ́ bí ọ̀rá rẹ̀ ṣe pọ̀, tí àyẹ̀wò lásán ì bá sì ti fi sílẹ̀. Ásíìdì amino kan ṣoṣo ló yí padà ní ipò 100. Leptin náà ń jáde, ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣí ilẹ̀kùn. Leptin abẹ́rẹ́ gba òun náà. Nítorí náà, bí àpẹẹrẹ bá pé lára ọmọ, kí wọ́n ka jíìnì náà fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì ka ti MC4R pẹ̀lú, jíìnì mìíràn tí ọpọlọ fi ń ṣàkóso ebi, nítorí pé òun ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn jíìnì kan ṣoṣo tó ń fa ìsanrajù.

Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀kùn leptin ló bàjẹ́, leptin abẹ́rẹ́ kò ní ṣiṣẹ́. Setmelanotide ni òògùn tí wọ́n fọwọ́ sí fún un ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020. Ọmọ tí leptin rẹ̀ pọ̀, tó sì pé, kò ní rí nǹkan púpọ̀ gbà nínú abẹ́rẹ́ leptin. Wọ́n ti dán an wò lára àwọn àgbàlagbà tó sanra, ohun tó jáde kéré. Bí àbúrò bá dé lẹ́yìn irú ọmọ yìí, ẹ má ṣe dúró kí ó wú. Ẹ wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, ẹ ka lẹ́tà náà nínú jíìnì rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì sọ fún ìyá rẹ̀ ohun tí ẹ ń wá, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnu aládùúgbò ló ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ìdí tí ọmọ rẹ̀ kì í fi yó.